Búùtù Tó Lọ́, Gíláàsì Tó Ń Jò: Ohun Tó Yẹ Kí Á Mọ̀ Kí Á Tó Ra Gọ́ọ̀mù

Gbólóhùn méjì péré ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń mú dé ọ̀dọ̀ panẹ́ẹ̀bítà nígbà òjò: "Búùtù mi ń jò. Ẹ bá mi fi gọ́ọ̀mù dí i." Panẹ́ẹ̀bítà tí kò bá fẹ́ àríyànjiyàn á mú gọ́ọ̀mù, á fi yí gíláàsì ẹ̀yìn po, á gba owó rẹ̀. Tó bá di òjò kejì tàbí ìkẹta, omi á tún wà nínú búùtù. Onímọ́tò á ní gọ́ọ̀mù náà kò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe gọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n fi sí ni kì í ṣe ibi tí omi ń gbà wọlé.

Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ mọ́tò wá sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìlaròó àti Ayétòrò, mo sì ti fi ọjọ́ púpọ̀ jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tèmi ti ìwé àti bírò. Ohun tí mo wá rí ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ sílẹ̀ kì í ṣe orúkọ lásán. Ọ̀nà àyẹ̀wò ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò lára ọkọ̀. Ti búùtù ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé òun ló ń yọ àwọn ará ilé wa lẹ́nu jù bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àti nítorí pé ewu kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí.

A máa ń pe àyè ẹrù ní búùtù, a sì tún máa ń pe ìdérí rẹ̀ ní búùtù. Ìdérí ni mo ń bá wí, àgàgà irú èyí tó ní gíláàsì lára tí a ń gbé sókè tán pátápátá, bíi ti Peugeot 504 téṣàn-wágọ̀n, Golf, tàbí Sienna. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá méjì ló ń gbé ìdérí náà dúró. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní ṣọ́ọ̀kì búùtù. Rọ́bà kan yí ẹnu àyè náà ká, ìdérí sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí a bá pa á dé. Nísàlẹ̀, lọ́ọ̀kù ara ìdérí á gbá ìkọ́ irin kan mú.

Irú ọkọ̀ báyìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó, ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Lẹ́yìn náà ni tòkúnbọ̀ gba ìgboro, tí ọkọ̀ ojú omi ń já a ní Kútọnu, tí wọ́n sì ń wà á gba Ṣẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò wọlé. (Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó kọjá: tòkúnbọ̀ ni orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun tó padà wálé. Ní Côte d'Ivoire, "France au revoir" ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ kan náà, ìyẹn "ilẹ̀ Faransé, ó dàbọ̀". Tiwa ń kí ọkọ̀ káàbọ̀, tiwọn ń bá a dágbére níbi tó ti wá.) Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 wọ́n ti ẹnubodè pa, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà, ṣíṣí náà kò sì mú òfin ọkọ̀ kúrò. Owó ọkọ̀ ti ga kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ kàn. Sienna tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2003 tí ẹnìkan ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà ni yóò máa lò lọ. Bó bá jẹ́ kí ilẹ̀ búùtù rẹ̀ dípẹtà tán, kò sí òmíràn lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọkọ̀ yìí kì í sì í sinmi. Ní ọjọ́ ọjà, ẹ ó rí wọn tí ẹrù ti yọ kọjá ẹ̀yìn, àpò gàárì lórí àpò gàárì, tí wọ́n ti fi okùn so ìdérí mọ́lẹ̀ ní ààbọ̀ ṣíṣí. Ẹ fi okùn yẹn sọ́kàn.

"Ó ń jò" kò tó

Ọ̀rọ̀ ìṣe "jò" kò sọ ju pé ohun tó yẹ kó dá omi dúró kò dá a dúró mọ́. Ìkòkò ń jò, òrùlé ń jò, ọkọ̀ ń jò. Kò sọ bí omi ṣe ń wọlé. Ọ̀gá kan tí mo jókòó tì ní Ìlaròó kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ kí ó tó bi oníbàárà pé: "Ṣé ó ń kán ni, àbí ó ń sun, àbí ó kàn rin?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé bàbá ń fi èdè ṣeré ni. Kì í ṣe eré.

Bí omi bá ń kán, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ló ń já bọ́ láti òkè. Ihò kékeré kan wà lókè ibẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ti gíláàsì rárá: ó lè jẹ́ ìdí èèkàn irin tí a ń di ẹrù mọ́ lórí òrùlé, rọ́bà ìdí iná bíréèkì tó wà lókè ìdérí, rọ́bà tí wáyà gbà kọjá nítòsí hínjì, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti so páànù òrùlé pọ̀ tí àtè tó wà níbẹ̀ ti sán.

Bí ó bá ń sun, ẹ kò ní rí ẹ̀kán. Ìlà tútù kan lẹ ó rí tó ń rìn lára irin. "Sun" yìí náà ló wà nínú "orísun", omi tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí ojú kò ti rí ihò. Rọ́bà tí ìdérí kò tẹ̀ dáadáa ló sábà máa ń sun, tàbí gíláàsì tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yà kúrò lára irin.

Bí ó bá kàn rin, kò sẹ́ni tó rí omi. Òwúrọ̀ ni a bá kápẹ́ẹ̀tì tó rin gbindin, tí gíláàsì sì hu ìrì nínú. Ẹ má tíì fẹ̀sùn kan búùtù. Omi lè ti iwájú wá: bí ọ̀nà tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà jáde bá dí, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni yóò máa ṣàn sí, bí ọkọ̀ bá sì dúró lórí ibi tó ga níwájú, ó di ẹ̀yìn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo, ó ti pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta.

Tẹ̀, wọ́, lọ́

Bákan náà ni ti ìdérí fúnra rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀, ibì kan ló ṣẹ́ po, etí kan tàbí igun kan, ìyókù dára. Hámà àti pákó lè gbé e padà. Bí ó bá wọ́, ó lè má sí ohun tó ṣe ìdérí: jíjókòó rẹ̀ ni kò tọ́, nítorí hínjì ti yẹ̀ tàbí ìkọ́ lọ́ọ̀kù ti sún. Sípánà ni iṣẹ́ yẹn, kò kan hámà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́, ó ti yí bí ẹni lọ́ okùn: igun ìsàlẹ̀ kan yọ síta, èkejì wọ inú.

Mo rò pé orúkọ iṣẹ́ náà wà lára ohun tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà. "Panẹ́ẹ̀bítà" tí a yá láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń lu páànù ló túmọ̀ sí, nítorí náà a rò pé bí a kò bá gbọ́ ìró hámà, ọ̀gá kò ṣiṣẹ́. Ní Kétu àti Pobè, lódì kejì ẹnubodè, "tôlier" ni Faransé ń pè é, ẹni tó ń bá páànù ṣiṣẹ́. Kò sọ pé kí ó lù ú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdérí tí mo rí tí wọ́n tún ṣe, sípánà àti àtẹ́lẹwọ́ ló tún un ṣe.

Kí ló ń lọ́ ìdérí? Ìkíní ni ṣọ́ọ̀kì. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú rẹ̀ ló ń gbé ìdérí sókè. Bí ọ̀kan bá kú, tí èkejì ṣì lágbára, gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i tí a sì pa á dé ni ọ̀kan ń ti apá kan sókè nígbà tí apá kejì ń wò. Bí irú èyí bá pẹ́, ó lè yí páànù. Ohun tó sì ń ba irú rẹ̀ jẹ́ sí i ni kí á ra ọ̀kan tuntun ṣoṣo nítorí owó, kí á fi sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ti gbó. Méjèèjì ni kí á pààrọ̀ pọ̀. Ìkejì ni okùn ọjọ́ ọjà: bí wọ́n bá so okùn mọ́ igun kan, tí ọkọ̀ sì ń jó lórí gálọ́pù láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, igun kan náà ni okùn ń fà ní gbogbo ọ̀nà. Ìkẹta ni àṣà wa tí a fi ń gbá ìdérí mọ́lẹ̀ láti igun kan, nítorí ọwọ́ kejì di báàgì mú. Ìkẹrin ni kí ọkọ̀ mìíràn gbá a lẹ́yìn, èyí sì yàtọ̀ sí mẹ́ta tó kù, torí ẹnu àyè ara ọkọ̀ lè ti yí pẹ̀lú ìdérí.

Rọ́bà etí búùtù kò lè dí ju ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ lọ. Níbi tí ìdérí bá ti yọ síta, kò sí ohun tó ń tẹ rọ́bà. Igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú ni. Bí ẹ pààrọ̀ rọ́bà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kàn ń fi owó ṣòfò ni.

Omi nìkan kọ́ ló ń wọlé

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń gé kọjá kì í tètè pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà á ṣe bí ẹni ń fà, afẹ́fẹ́ á máa yí po níbẹ̀, á máa kó ohun gbogbo mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí eruku fi ń bo gíláàsì ẹ̀yìn téṣàn-wágọ̀n nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ ṣì mọ́. Ibẹ̀ náà ni ẹnu sàláńsà wà.

Nínú èéfín sàláńsà ni carbon monoxide wà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn ni ọpọlọ àti ọkàn ń dúró dè. Ẹni tó bá ń fà á símú, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, inú á máa rú u, oorun á máa kùn ún. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ kàn, àwọn ọmọdé la sì máa ń kó síbẹ̀. A ó ní "mọ́tò ń kọ̀ ọ́ ni", a ó fún un ní ọsàn. Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó ju ẹyọ kan lọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, tí ara wọn sì ń balẹ̀ bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, ẹ dá ọkọ̀ dúró, kí gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì gbé èrò sẹ́yìn mọ́ títí ẹ ó fi rí ibi tí èéfín ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ní dandan kí òun fi okùn so ìdérí ní ààbọ̀ ṣíṣí, kí ó ṣí gíláàsì iwájú sílẹ̀ pátápátá, kí ó má ṣe kó ènìyàn sẹ́yìn. Bí sàláńsà fúnra rẹ̀ bá ti lu, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó ronú kan rọ́bà.

Eruku ti ya àwòrán sílẹ̀

Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù láti wá ibi tí búùtù ti ń jò, kì í ṣe ìgbà òjò. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń rántí òrùlé tó ń jò ní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n eruku pupa ọ̀nà oko wa ń gba ibi tí omi yóò gbà, ó sì ń fi àmì sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò nínú eruku, ẹ má fọ ọkọ̀. Ẹ ṣí ìdérí nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára, kí ẹ wo rọ́bà àti ojú irin tí rọ́bà ń kàn. Níbi tó bá dí dáadáa, ìlà kan wà lórí irin tó mọ́ tónítóní. Níbi tí kò bá dí, eruku á ti gba orí ìlà náà kọjá sínú bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì fà á. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì (ti ojú pátákó ni mo wí, kì í ṣe ti búùtù) sàmì sí ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi há ẹnu búùtù, ẹ pa á dé, kí ẹ fà á. Bó bá ṣòro fà, ibẹ̀ dára. Bó bá yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ṣófo. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi yí i ká. Àwọn kan ń fi owó náírà ṣe é. Ìwé àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó.

Omi ló kàn. Ẹ tú gbogbo ìbòrí inú ìdérí àti kápẹ́ẹ̀tì búùtù kúrò, ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ẹnìkan á wọ inú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pa ìdérí dé. Ẹ fi ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìtì, torí ọ̀pọ̀ búùtù kò ṣeé ṣí láti inú. Ẹni tó wà níta á mú rọ́bà omi tí kò ní ẹnu tó ń fọ́n, á jẹ́ kí omi máa ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Kó dúró sí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó gòkè díẹ̀. Bó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn bo gbogbo rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tó wọlé. Bí ẹni inú bá ti pariwo, ẹ dúró, ẹ sàmì. Ẹ má lo ẹ̀rọ àwọn tó ń fọ mọ́tò. Agbára rẹ̀ ń ṣí ọ̀nà tí òjò kò lè gbà láéláé.

Kí ẹ má fojú sí gíláàsì nìkan. Rọ́bà ìdí iná ẹ̀yìn, ìdí ọ̀pá wáípà, àti àwọn ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà, gbogbo wọn ló ń jò bí wọ́n bá ti gbó. Ọkọ̀ kan wà tí búùtù rẹ̀ ń tutù ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù yí gíláàsì rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pá rọ́bà kékeré tó ń gbé omi lọ sí wáípà ẹ̀yìn ló ti já nínú ìdérí. Gbogbo ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá fi omi fọ gíláàsì ẹ̀yìn, ó ń bu omi sínú búùtù ara rẹ̀.

Títún un tọ́

Ẹ wọn ẹnu àyè ara ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí. Ẹ na okùn tí kì í fà láti igun òkè apá òsì dé igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ẹ sàmì sí i, kí ẹ wá na okùn kan náà láti igun òkè apá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ apá òsì. Bí méjèèjì bá dọ́gba tàbí tí ìyàtọ̀ wọn kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ara ọkọ̀ kò yí. Bí wọn kò bá dọ́gba, iṣẹ́ ti di ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ara ọkọ̀. Títún ìdérí ṣe kò ní yanjú rẹ̀.

Fún ìdérí, òwú méjì ni. Ẹ na wọ́n ní inú ìdérí láti igun sí igun kí wọ́n dábùú ara wọn. Bí ìdérí bá tọ́, wọ́n á fẹnu kan ara wọn ní àárín. Bí àyè bá wà láàárín wọn, ìdérí ti lọ́, bí àyè náà ṣe tóbi tó ló sì ń sọ bó ṣe lọ́ tó. Ẹ pààrọ̀ èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nítorí òwú tó ń ti èkejì lè tan yín.

Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Kí ẹnìkan gbé ìdérí dúró kí ẹ tó tú wọn, ó wúwo, orí ni ó sì máa ń bọ́ lé. Ẹ má ṣe gé ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, ẹ má sì sọ ọ́ sínú iná. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bú. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ bóòlùtù hínjì díẹ̀, ẹ gbé ìdérí sí àárín títí àyè apá òsì àti ti ọ̀tún yóò fi dọ́gba, ẹ tún un dè. Àwọn rọ́bà kékeré méjì tó ń gba ìdérí ní igun ìsàlẹ̀ ṣeé yí wọlé tàbí síta lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ìkọ́ lọ́ọ̀kù ni kí ẹ sún kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ parí síbí, láìsí hámà.

Bó bá ṣì lọ́, ọ̀gá á fi aṣọ wé pákó kékeré, á fi há abẹ́ igun tó wọ inú, ìyẹn èyí tó ń kọ́kọ́ kan ara ọkọ̀, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ igun tó yọ síta. Díẹ̀ ni. Á ṣí i, á fi òwú wọ̀n ọ́n, á tún tẹ̀ ẹ́. Mo ti ka ìgbà mọ́kànlá tí ọ̀gá kan tẹ ìdérí kan kí ó tó fi sílẹ̀. Oníbàárà tó dúró tì í ń sọ pé "Ẹ lù ú, ọ̀gá, ẹ lù ú", kò dá a lóhùn. Bí gíláàsì bá jẹ́ èyí tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ó dára kí á yọ ọ́ kí á tó tẹ ìdérí rárá, torí irin ń fà, gíláàsì kì í fà.

Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì dán ìdérí wò pẹ̀lú, pàápàá ọkọ̀ Faransé tó gba Kútọnu wọlé. Ìdérí ẹ̀yìn Citroën BX, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1982, kì í ṣe irin, ike ni. Bí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hámà kàn án.

Gíláàsì

Ìdílé méjì ni gíláàsì ẹ̀yìn. Ti ọkọ̀ àtijọ́ bíi Peugeot 504, rọ́bà ló gbá a mú: ojú kan lára rọ́bà di gíláàsì, ojú kejì bu irin jẹ. Oòrùn ló ń pa rọ́bà yìí; ó ń le, ó ń sán, ó sì ń sun omi ní igun ìsàlẹ̀. Rọ́bà tuntun ni oògùn rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi rọ́bà wọ gíláàsì, wọ́n á tẹ okùn líle sínú ojú tí yóò bu irin jẹ, kí etí okùn méjèèjì pàdé ní àárín ìsàlẹ̀. Wọ́n á fi omi ọṣẹ pa á. Ẹnìkan á ti gíláàsì láti ìta, ẹnìkan á máa fa okùn láti inú. Bí okùn ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni etí rọ́bà ń fò bọ́ sí inú irin. Omi ọṣẹ ni o, kì í ṣe bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, tó ń mú rọ́bà wú.

Ti ọkọ̀ ìgbà tó tẹ̀ lé e, bíi Sienna, gọ́ọ̀mù dúdú ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ibí ni gbólóhùn "ẹ bá mi fi gọ́ọ̀mù dí i" ti ń ṣe ibi. Gọ́ọ̀mù tó rọrùn jù láti rí lọ́jà ni sílíkóònù tó ń rùn bíi fínígà. Òórùn yẹn, ásíìdì ni, ó ń jẹ irin, ìpẹtà sì ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibi tí a rò pé a ti dí. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn rẹ̀, gọ́ọ̀mù tòótọ́ kò ní lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́ àyàfi bí a bá há gbogbo rẹ̀ kúrò.

Bí ó bá yẹ kí gíláàsì wá sílẹ̀, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gún gọ́ọ̀mù àtijọ́, ènìyàn méjì á máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ayùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ wáyà iná tó ń gbẹ ìrì lára gíláàsì, kí wọ́n má sì há àwọn ìlà pupa tó wà nínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó bá ṣì lẹ̀ dáadáa mọ́ irin, kí wọ́n fi bíi mìlímítà kan tàbí méjì sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni tuntun ń lẹ̀ mọ́ jù. Ṣùgbọ́n níbi tí ìpẹtà bá wà, kí wọ́n há a títí irin á fi dán, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ó gbẹ. Panẹ́ẹ̀bítà tó bá fi gọ́ọ̀mù lé orí ìpẹtà ti lẹ gíláàsì yín mọ́ ìpẹtà, kì í ṣe mọ́ ọkọ̀.

Gọ́ọ̀mù yìí nílò omi inú afẹ́fẹ́ kí ó tó le, nítorí náà ó ń pẹ́ lásìkò ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára tíúbù rẹ̀, kí ẹ má sì gbé ọkọ̀ kúrò kí àkókò náà tó pé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn èyíkéyìí dé. Afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀kùn ń tì nínú ọkọ̀ tó dí pa lè ti gíláàsì tútù kúrò lórí gọ́ọ̀mù.

Ó ku ohun kékeré kan tí wọ́n máa ń gbàgbé. Ní etí ìsàlẹ̀ ìdérí, àwọn ihò kan wà tí wọ́n dá síbẹ̀ kí omi lè máa gba ibẹ̀ jáde. Amọ̀ àti ọ̀dà máa ń dí wọn, omi á dúró nínú, ìdérí á máa jẹrà láti inú. Ẹ fi igi ìtayín ṣí wọn. Kápẹ́ẹ̀tì ni kí ó padà sínú búùtù kẹ́yìn, lẹ́yìn òjò ńlá kan, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbé táyà àfipamọ́ kúrò nínú kòtò rẹ̀, kí ẹ fi ìwé gbígbẹ nu ìsàlẹ̀ kòtò náà. Bí ìwé bá jáde ní gbígbẹ, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà.